Ọrùn Ọ̀kadà àti Ṣọ́kì Rẹ̀: Èwo Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Náwó Lé Lórí, Irú Wo Ni Kí Ẹ Sì Yàn?

Bí ọ̀kadà bá ń dún kò-kò níwájú nígbà tí ó bá já sí kòtò, tàbí nígbà tí a bá tẹ bíréèkì lójijì, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé ṣọ́kì ti kú. Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí mo bá gbé ní Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà náà, ní Bajaj Boxer kan tí ó fi ń lọ sí oko, ẹ̀ẹ̀mejì ni a sì pààrọ̀ síìlì ṣọ́kì iwájú rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta láìjẹ́ pé ariwo náà dáwọ́ dúró. Ìgbà tí bàbá àgbà kan tí ó ń tún ọ̀kadà ṣe gbé táyà iwájú kúrò nílẹ̀, tí ó di ẹsẹ̀ ṣọ́kì méjèèjì mú, tí ó sì mì wọ́n síwá sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ni a tó mọ̀ pé bẹ́rìn ọrùn, èyí tí háńdù fi ń yí, ni ó ti jẹ. Owó síìlì méjèèjì ti wọgbó.

Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ fi àwọn ọ̀nà tí a lè gbà tún ọrùn àti ṣọ́kì ọ̀kadà ṣe nílé wé ara wọn níhìn-ín. Àwọn ọ̀kadà tí mo ní lọ́kàn ni èyí tí ó pọ̀ jù lójú títì wa: Bajaj Boxer, TVS, Honda CG125, àti àwọn tí ilé-iṣẹ́ Ṣáínà ṣe ní àfarawé CG125 náà. Bí wọ́n tilẹ̀ yàtọ̀ ní orúkọ, ìkọ́lé wọn jọra: bẹ́rìn méjì ní ọrùn, ṣọ́kì méjì níwájú, ṣọ́kì méjì lẹ́yìn.

Ohun tí a ó fi wọ̀n wọ́n

Owó ni ẹnikẹ́ni yóò kọ́kọ́ bèèrè, ṣùgbọ́n iye tí a ra ọjà nìkan kò tó láti fi ṣe ìdájọ́, nítorí pé bọ́ọ̀lù irin tí a ń rà lówó pọ́ọ́kú tí a sì ń pààrọ̀ lọ́dọọdún lè gbówó ju bẹ́rìn kan tí ó wọ́n díẹ̀ tí yóò sì lo ọdún púpọ̀ lọ. Ìkejì ni ìgbẹ́kẹ̀lé, èyí tí mo túmọ̀ sí pé bí nǹkan náà yóò bá bàjẹ́, ṣé yóò kọ́kọ́ fi àmì hàn wá, àbí orí eré ni yóò ti dà wá. Ìkẹta ni bí ó ṣe bá iṣẹ́ ọ̀kadà náà mu: ẹni tí ó ń dá gun tirẹ̀ lọ sí ibi iṣẹ́ lórí ọ̀dà kò ní ìṣòro kan náà pẹ̀lú ẹni tí ó ń gbé èrò méjì, tàbí àpò gbágùúdá mẹ́ta, gba ọ̀nà oko. Èyí tí ó kẹ́yìn ni bóyá ènìyàn lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é nílé, bí kò bá sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, bóyá ó lè dá a padà sí bí ó ti wà. Mo ka èyí sí pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti kà á sí lọ.

Àyẹ̀wò kí a tó yọ owó

Ẹ dá ọ̀kadà náà dúró lórí sítáǹdì ńlá, kí ẹ sì fi igi tàbí búlọ́ọ̀kù sí abẹ́ ẹ́ńjìnnì títí táyà iwájú yóò fi kúrò nílẹ̀ pátápátá. Ẹ di ìsàlẹ̀ ṣọ́kì méjèèjì mú, kí ẹ fà á síwájú kí ẹ sì tì í sẹ́yìn, kí ẹnì kan fi ìka lé ibi tí ọrùn ti pàdé irin tí ó di ṣọ́kì mú. Bí ìka rẹ̀ bá gbọ́ kíkàn níbẹ̀, bẹ́rìn ti tú tàbí ó ti jẹ. Bí ibẹ̀ bá dákẹ́, ṣùgbọ́n tí ẹ gbọ́ ọ níbi tí ọ̀pá ṣọ́kì ti wọ inú ẹsẹ̀ rẹ̀, inú ṣọ́kì gan-an ni ó ti jẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìka kan ṣoṣo yí háńdù láti ọ̀tún dé òsì. Ó yẹ kí ó máa lọ láìsí ìdádúró. Bí ó bá ń há díẹ̀ ní àárín gbùngbùn, bí ẹni pé ihò kan wà níbẹ̀ tí ó fẹ́ jókòó sí, kóònù, ìyẹn ojú irin tí bọ́ọ̀lù bẹ́rìn ń yí lé lórí, ti dá kòtò, kò sì sí gírísì tí ó lè wò ó sàn.

Ní ti ẹ̀yìn, ẹ fi gbogbo ara tẹ ìjókòó, kí ẹ sì jù ú sílẹ̀ lójijì. Ṣọ́kì tí ó yè yóò gòkè lẹ́ẹ̀kan, yóò sì dúró. Èyí tí ó bá ń fò sókè sódò lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta ti di sípíríǹgì lásán, nítorí ọ́ìlì tí ó yẹ kí ó máa kó o ní ìjánu kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹ nu ara ọ̀pá ṣọ́kì iwájú pẹ̀lú àkísà funfun, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ nígbà mẹ́wàá, kí ẹ sì tún nù ún. Bí ọ́ìlì bá hàn lára àkísà, síìlì ti ń jò.

Bẹ́rìn ọrùn: ọ̀nà mẹ́ta

Ohun tí ilé-iṣẹ́ sábà máa ń fi sí ọrùn ọ̀kadà kékeré ni bọ́ọ̀lù irin wẹ́wẹ́ tí ó ń yí láàárín kọ́ọ̀pù àti kóònù. Bọ́ọ̀lù kò fara kan ohun tí ó ń yí lé lórí ju ojú kan ṣóńṣó lọ, nítorí náà gbogbo agbára tí kòtò bá fi gbá táyà, orí àwọn ojú kéékèèké wọ̀nyẹn ni ó ń balẹ̀ sí. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀kadà sì máa ń lọ tààrà púpọ̀ ju bí ó ti ń yà lọ, tí ó fi jẹ́ pé ibì kan náà ni àwọn bọ́ọ̀lù náà ń lù lójoojúmọ́, títí wọn yóò fi gbẹ́ kòtò kéékèèké sí ojú kóònù. Ìdí nìyẹn tí háńdù fi máa ń há ní àárín ju ẹ̀gbẹ́ lọ.

Ọ̀nà tí ó rọrùn jù ni pé kí a tú ọrùn, kí a fọ gbogbo rẹ̀ mọ́ pẹ̀lú kẹrosíìnì, kí a kó gírísì tuntun sí i, kí a sì tún un dì. Iye gírísì ni gbogbo owó rẹ̀. Bí ojú kóònù bá ṣì ń dán, tí èékánná kò sì kọ́ nígbà tí a bá fà á lórí rẹ̀, kò sí ìdí láti ra ohunkóhun mìíràn. Ẹ má ṣe lo gírísì tí wọ́n ń fi ọwọ́ bù sínú ọ̀rá fún yín láìsí orúkọ lára agolo rẹ̀. Gírísì lithium tí omi kì í tètè fọ̀ lọ, tí wọ́n kọ NLGI 2 (àmì bí gírísì ti ki tó) sí lára, ni ó yẹ, nítorí omi òjò àti omi tí àwọn afọkọ̀ máa ń fín pẹ̀lú ẹ̀rọ ni ọ̀tá àkọ́kọ́ bẹ́rìn ìsàlẹ̀. Erukuru ọyẹ́ ni ìkejì.

Ọ̀nà kejì ni kí a ra kọ́ọ̀pù, kóònù àti bọ́ọ̀lù tuntun, irú èyí tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Owó rẹ̀ kò pọ̀, gbogbo ìsọ̀ ni ó sì wà, torí pé ọjà tí ó ń ti Nnewi wá kún gbogbo ìlú. Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù nínú rẹ̀ ni kí wọ́n pààrọ̀ bọ́ọ̀lù nìkan, kí wọ́n dá kóònù tí ó ti dá kòtò padà. Bọ́ọ̀lù tuntun lórí kóònù àtijọ́ kò ní lo ìgbà òjò kan. Àṣìṣe kejì ni kí wọ́n fi ipá ki bọ́ọ̀lù kan kún un nítorí pé àyè díẹ̀ ṣẹ́kù. Àyè náà yẹ kí ó wà, kí àwọn bọ́ọ̀lù má baà máa fún ara wọn pa. Ẹ ka iye tí ẹ bá nínú rẹ̀ kí ẹ tó da èyíkéyìí nù.

Ọ̀nà kẹta, tí ó jẹ́ àtúnṣe gidi, ni bẹ́rìn onírólà, tí rólà rẹ̀ tín-ín-rín ní orí kan tí ó sì sanra ní orí kejì, bí ìgbà tí a bá gé ẹnu òkòtó. Kì í ṣe nǹkan tuntun. Ọ̀gbẹ́ni Henry Timken, tí ó ń kan kẹ̀kẹ́ ẹṣin ní Amẹ́ríkà, gba ẹ̀tọ́ àṣẹ lórí rẹ̀ ní ọdún 1898, nítorí ó ń wá bẹ́rìn tí yóò lè gba ẹrù láti òkè àti láti ẹ̀gbẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí ọrùn ọ̀kadà sì nílò gan-an nìyẹn. Rólà fara kan kóònù ní gbogbo gígùn rẹ̀, ẹrù a pín, kòtò kì í tètè dá sí i. Lójú ọ̀nà bí tiwa, mo lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé ó pẹ́ ju bọ́ọ̀lù lọ dáadáa.

Ṣùgbọ́n ó ní wàhálà tirẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ìyìn nìkan. Àkọ́kọ́, ìwọ̀n rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ọrùn náà mu ní ọ̀nà mẹ́ta: fífẹ̀ inú, fífẹ̀ ìta, àti gíga. Ibi gíga ni àwọn ènìyàn ti máa ń ṣìnà. Bí bẹ́rìn tuntun bá ga ju ti àtijọ́ lọ, nọ́ọ̀tì òkè kò ní rí okùn tó láti dì mú, ọ̀kadà tí nọ́ọ̀tì ọrùn rẹ̀ kò bá sì dì dáadáa kò yẹ lójú títì. Ẹ mú bẹ́rìn àtijọ́ lọ sí ìsọ̀, kí ẹ sì mú irin ìwọ̀n lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ “ó máa wọ̀ ọ́” tí ọlọ́jà ń sọ kì í ṣe ìwọ̀n. Èkejì, yíyọ kóònù ìsàlẹ̀ le. Ó gba ṣísẹ́lì, òòlù àti sùúrù, fífi tuntun sí i sì gba páìpù tí ó bá ọ̀pá náà mu, kí agbára òòlù lè bá etí inú bẹ́rìn láì kan rólà. Bí ẹ bá ní fìríìsà, ẹ kó àwọn òrùka ìta sínú rẹ̀ mọ́jú; wọn yóò sún kì díẹ̀, wọn yóò sì wọ ọrùn pẹ̀lú ìrọ̀rùn. Èkẹta, bẹ́rìn onírólà máa ń jókòó lẹ́yìn tí a bá ti gùn ún díẹ̀, ó sì yẹ kí a tún un dì lẹ́yìn nǹkan bí 500 sí 1,000 kìlómítà.

Irú èyí tí ẹ bá yàn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, dídì rẹ̀ ni yóò sọ bóyá iṣẹ́ náà dára. Ẹ rọra dì í títí kíkàn yóò fi tán, ẹ yí háńdù lọ sí ọ̀tún àti òsì nígbà bíi mẹ́wàá, ẹ dá nọ́ọ̀tì náà padà díẹ̀, kí ẹ tó dì ti òkè. Ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn tí ẹ bá dì ti òkè tán, nítorí pé òun náà máa ń fún bẹ́rìn pọ̀ sí i. Bí a bá dì í le jù, ọ̀kadà yóò máa rìn bí ọ̀mùtí nígbà tí eré rẹ̀ kò bá pọ̀, torí háńdù kò lè fúnra rẹ̀ padà sí àárín.

Ṣọ́kì iwájú

Níhìn-ín ni àwọn ènìyàn ti máa ń náwó láìnídìí jù, nítorí wọn kò ya iṣẹ́ sípíríǹgì sọ́tọ̀ kúrò nínú iṣẹ́ ọ́ìlì. Sípíríǹgì ni ó ń gbé ẹrù. Ọ́ìlì, tí ó ń gba inú ihò kéékèèké kọjá, ni ó ń dí sípíríǹgì náà lọ́wọ́ kí ó má baà máa fò. Bí ẹ bá ní àìsàn ọ̀kan tí ẹ lo oògùn èkejì, ẹ kò ní rí ìwòsàn.

Ọ́ìlì àti síìlì tuntun ni ó yẹ kí ẹni gbogbo kọ́kọ́ ṣe. Ọ́ìlì ṣọ́kì tí ó ti lo ọdún mẹ́ta máa ń jáde ní àwọ̀ eérú, ó sì máa ń rùn. Ẹ wọn iye tí ìwé ọ̀kadà náà sọ sínú ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí méjèèjì sì dọ́gba. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì máa ń da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí i, mo sì kórìíra rẹ̀, nítorí ó máa ń hó, ọ́ìlì tó bá ti hó kò sì lè kó sípíríǹgì ní ìjánu. Bí ẹ kò bá rí ọ́ìlì ṣọ́kì gan-an, ATF tí wọ́n ń dà sí gíà ọkọ̀ ọ̀tọ́máátíìkì sàn jù ú lọ, ó sì wà níbi gbogbo. Kí ẹ tó fi síìlì tuntun sí i, ẹ fi èékánná fá ara ọ̀pá ṣọ́kì. Bí ìpẹtà bá ti ṣe ihò sí i, ihò náà yóò gé síìlì tuntun bí ó ti gé ti àtijọ́. Èyí tí kò jìn ni a lè fi páńdípepà dídán àti ọ́ìlì fá. Èyí tí ó jìn ń bèèrè ọ̀pá mìíràn.

Ọ́ìlì tí ó ki jù, bíi kí a kúrò ní 10W lọ sí 15W tàbí 20W (bí nọ́ńbà náà bá ti pọ̀ tó ni ọ́ìlì ń ki tó), dára fún ọ̀kadà tí iwájú rẹ̀ ń fò lẹ́yìn bọ́ǹpù. Owó rẹ̀ kò ju ti ọ́ìlì lásán lọ, a sì lè dá a padà nígbàkúùgbà. Àléébù rẹ̀ ni pé bí táyà bá ti yára gòkè tó ni ọ́ìlì tí ó ki ń dí ihò tó, ó sì ń yára pọ̀ ju bí ẹ ti rò lọ: bí ìyára náà bá di ìlọ́po méjì, agbára tí ó ń dènà rẹ̀ á súnmọ́ ìlọ́po mẹ́rin. Ìyẹn ni pé kòtò kékeré tí etí rẹ̀ mú yóò máa gbá ọwọ́ yín bí òkúta. Ẹni tí ó ń gun ọ̀nà olókùúta kò gbọdọ̀ kọjá 15W.

Fífi wọ́ṣà tàbí ègé páìpù sórí sípíríǹgì, tí àwọn kan ń pè ní líle ṣọ́kì, kò sọ sípíríǹgì di líle rárá. Ó kàn ń gbé iwájú ọ̀kadà ga ni, kí ó má baà ti rì tán kí ó tó kan kòtò. Bí iwájú ọ̀kadà yín bá ń rì ju ìdá kan nínú mẹ́ta ìrìn ṣọ́kì rẹ̀ lọ nígbà tí ẹ bá jókòó lé e, ègé 10 mílímítà wúlò. Bí kò bá rì tó bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe yọ ara yín lẹ́nu. Tí ẹ bá sì fi páìpù tó gùn jù, sípíríǹgì lè fún pọ̀ tán kí ṣọ́kì tó dé ìsàlẹ̀, irin yóò sì máa lu irin.

Sípíríǹgì tí ó le gan-an ni ojútùú tòótọ́ fún ẹni tí ó ń kó ẹrù ní ojoojúmọ́. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ó ṣòro láti rí èyí tí a ṣe fún ọ̀kadà kékeré. Ohun tí àwọn ènìyàn ń ṣe ni kí wọ́n mú ti ọ̀kadà mìíràn, èyí kò sì burú bí fífẹ̀ àti gígùn bá dọ́gba, tí ẹ sì pààrọ̀ méjèèjì pa pọ̀.

Ọ̀pá ṣọ́kì tí ó ti wọ́ nínú ìjàǹbá, tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ padà, ni mo fẹ́ kí ẹ kọ̀. Ẹ yí i lórí gíláàsì títẹ́. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń yọ lábẹ́ rẹ̀, ẹ ra òmíràn, kódà bí ó bá jẹ́ tòkunbọ̀.

Ṣọ́kì ẹ̀yìn

Ọ̀fẹ́ ni ohun àkọ́kọ́: òrùka tí ó ní àtẹ̀gùn ní ìsàlẹ̀ ṣọ́kì. Tí ẹ bá ń dá gùn ún, ẹ fi sí ìsàlẹ̀. Tí ẹ bá gbé èrò tàbí ẹrù, ẹ yí i gòkè, kí méjèèjì sì wà ní ipò kan náà. Mo ti rí ọ̀kadà tí ó lo ọdún mẹ́rin láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan òrùka yìí.

Bí ọ́ìlì bá ti jò nínú ṣọ́kì ẹ̀yìn, pípààrọ̀ rẹ̀ sí irú tirẹ̀ ni ó bá ọ̀pọ̀ ènìyàn mu. Lára Boxer, ilé-iṣẹ́ ti fi sípíríǹgì kan sínú òmíràn, èyí tí Bajaj ń pè ní SNS, a sì ṣe é fún ẹrù. Àwọn ayédèrú rẹ̀ máa ń ní sípíríǹgì kan ṣoṣo. Ẹ wo inú rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó sanwó.

Ṣọ́kì onígáàsì tí ó ní ìgò kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ń fani lójú mọ́ra, èyí tí ó jẹ́ ojúlówó sì dára ní tòótọ́, nítorí nitrogen tí a fún pọ̀ sínú rẹ̀ kì í jẹ́ kí ọ́ìlì hó nígbà tí a bá gùn ún pẹ́ lórí ọ̀nà gbágungbàgun. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú èyí tí ó rọ̀ lówó lọ́jà, ẹ̀ṣọ́ lásán ni ìgò ara rẹ̀. Ẹ tún ṣọ́ gígùn. Bí ṣọ́kì tuntun bá gùn ju ti àtijọ́ lọ, ìdí ọ̀kadà yóò ga, iwájú yóò sì dorí kodò, háńdù yóò máa yára yà ju bí ọwọ́ yín ti mọ̀ ọ́n lọ, ṣéènì pẹ̀lú lè máa ha irin tí ó di táyà ẹ̀yìn mú.

Ọ̀nà kan kù tí mo kọ̀ pátápátá: kí a jó irin mọ́ férémù láti fi ṣọ́kì kẹta àti kẹrin kún un. Iná tí a fi jó o máa ń sọ irin náà di ẹlẹgẹ́ ní etí ibi tí a jó, orí ẹrù ni ó sì máa ń là. Kò sì ṣeé dá padà.

Ta ni kí ó yan èwo

Ẹni tí ó ń dá gun ọ̀kadà rẹ̀ lọ sí ibi iṣẹ́ lórí ọ̀dà, bí kóònù rẹ̀ bá ṣì ń dán, gírísì tuntun ní ọrùn àti ọ́ìlì 10W tuntun níwájú ti tó o. Owó tí ó bá kù, kí ó fi ra táyà.

Akẹ́kọ̀ọ́, tàbí ẹni tí owó rẹ̀ kò tó, tí kóònù rẹ̀ ti dá kòtò, kí ó ra kọ́ọ̀pù, kóònù àti bọ́ọ̀lù ní odindi. Kí ó má ṣe pààrọ̀ bọ́ọ̀lù nìkan.

Ẹni tí ó ń fi ọ̀kadà jẹun, tí ó ń gbé èrò láti àárọ̀ di alẹ́, bẹ́rìn onírólà ni mo yàn fún un láìṣiyèméjì, nítorí ọjọ́ tí kò bá ṣiṣẹ́ wọ́n ju ìyàtọ̀ owó bẹ́rìn lọ. Kí ó fi ọ́ìlì 15W síwájú, kí ó sì pààrọ̀ ṣọ́kì ẹ̀yìn sí ojúlówó irú tirẹ̀.

Àgbẹ̀ àti alájàpá tí ó ń kó ẹrù gba ọ̀nà oko ni sípíríǹgì líle wúlò fún jù, níwájú àti lẹ́yìn, lẹ́yìn tí ó bá ti fi bẹ́rìn onírólà sí ọrùn. Ọ́ìlì tí ó ki kò ní ran òun lọ́wọ́ bí sípíríǹgì bá ti rọ̀.

Ẹni tí ó fẹ́ràn ìrìnàjò jíjìn, tí ó sì lówó lọ́wọ́, lè ra ṣọ́kì onígáàsì, bí ó bá ti rí ojúlówó tí gígùn rẹ̀ dọ́gba. Ẹni tí kò bá sì ní páìpù, ṣísẹ́lì àti ọjọ́ méjì láti fi ṣe é, kí ó ra bẹ́rìn onírólà náà fúnra rẹ̀, kí ó gbé e lọ bá mẹkáníìkì, kí ó sì jókòó tì í títí yóò fi di nọ́ọ̀tì òkè.